Afẹ́fẹ́ Ni Kí Aránbàtà Inú Yàrá Kan Kọ́kọ́ Tò, Kì Í Ṣe Irinṣẹ́

Bí ẹ bá ń wo fídíò iṣẹ́ awọ lórí YouTube, ẹ ó ti rí irú yàrá yẹn: òòlù, ọ̀bẹ àti oríṣiríṣi irin tí wọ́n tò sára ògiri bí ìsọ̀ onírin, tábìlì pákó ńlá láàárín, awọ tí wọ́n ká rìbìtì-rìbìtì sórí pẹpẹ. Ó dùn ún wò gan-an. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ yàrá bẹ́ẹ̀ wà ní ìlú tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ, nínú ilé ìgbọ́kọ̀sí tí ẹnikẹ́ni kì í sùn sí. Ẹni tó ń rán sálúbàtà àti pọ́ọ̀sì nínú yàrá kan ní Mushin tàbí ní Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn, níbi tí bẹ́ẹ̀dì, sílíńdà gáàsì àti awọ ti jọ ń fún ara wọn mọ́lẹ̀, ìṣòro tiẹ̀ yàtọ̀. Èrò tèmi ni pé kí onítọ̀hún tó ra irinṣẹ́ mìíràn, kó kọ́kọ́ to afẹ́fẹ́ yàrá rẹ̀. Ohun méjì ló wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn tó lè dá a ní gbèsè tàbí kó dá a ní àìsàn: omi, àti oru gọ́ọ̀mù.

Ẹ jẹ́ ká ti orí omi bẹ̀rẹ̀. Awọ kì í ṣe rọ́bà. Púrótéènì kan tí wọ́n ń pè ní collagen ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, okùn tín-ín-rín tín-ín-rín tó lọ́ mọ́ra wọn. Bí a bá bó awọ ẹran tí a sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kòkòrò àìfojúrí á jẹ okùn wọ̀nyẹn, awọ á rà. Ohun tí àwọn tó ń ṣe awọ ń ṣe ni pé wọ́n ń wá nǹkan tí yóò di àwọn okùn náà mú kí kòkòrò má lè tú wọn. Ní Kano àti Sókótó, èso igi bàgàrúwà ni wọ́n ti ń lò láti ayébáyé, nítorí pé ó ní tannin púpọ̀. Awọ ewúrẹ́ tí wọ́n fi ṣe yìí ni wọ́n ń gbé gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lọ sí Mòrókò, tí àwọn òyìnbó wá ń pè é ní awọ Mòrókò. Orúkọ oníṣòwò ló mọ́ ọn lórí, orúkọ ẹni tó ṣe é kò dé ọjà. Lóde òní, chromium ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú awọ àgbáyé, torí pé iṣẹ́ tí èpo igi àti èso igi fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣe, chromium lè parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì.

Ṣùgbọ́n awọ tí wọ́n ti ṣe kò tíì ṣíwọ́ omi mímu. Ihò wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀, ó ń fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́, ó sì ń dá a padà. Ẹ bi àwọn onílù. Awọ ojú ìlù kì í ṣe èyí tí wọ́n fi tannin ṣe, wọ́n kàn sá a gbẹ ni, bí afẹ́fẹ́ bá sì ti tutù, ohùn ìlù á wálẹ̀, wọ́n á gbé e sí oòrùn kó tó dáhùn dáadáa. Awọ tí a fẹ́ fi rán bàtà kì í fọhùn bíi ti ìlù, ìdí nìyẹn tí a kì í fi mọ̀ pé ó ń mu omi, àfìgbà tó bá bu.

Àwọn tó ń tọ́jú awọ nínú ilé ìkóǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí máa ń fẹ́ kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wà láàárín ìdá 45 sí 55 nínú 100. Bó bá ti kọjá bí ìdá 65 sí 70 fún ọjọ́ bíi mélòó kan, àwọn olú wẹ́wẹ́ funfun tó ń bu búrẹ́dì náà lè hù lórí awọ. Nígbà òjò l'Ékòó, ó sábà máa ń kọjá ìdá 80. Ìyẹn ni pé láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹwàá, kò sí ọjọ́ tí awọ inú ilé yín bọ́ lọ́wọ́ ewu tán. Olú yìí ń jẹ epo tí wọ́n fi pa awọ lára, ó sì ń jẹ òógùn àti ìdọ̀tí tí ọwọ́ wa fi síbẹ̀. Ẹni tó fi owó èsúsú ra odidi awọ kan lè tú u lóṣù keje kó bá àmì tí kò ní lọ mọ́.

Ọ̀daràn àkọ́kọ́ tí mo máa fẹ̀sùn kàn ni láílọ́ọ̀nù. Ẹni tó tà á fi láílọ́ọ̀nù wé e kí òjò má baà pa á lọ́nà, ó dáa. Àwa wá gbé e délé, a so ẹnu rẹ̀ pinpin, a rò pé a ti tọ́jú rẹ̀. Lọ́sàn-án, ooru abẹ́ páànù á lé omi jáde nínú awọ sínú afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó há síbẹ̀. Lóru, nígbà tí yàrá bá tutù, omi yẹn á di ìrì sára láílọ́ọ̀nù, á sì máa kán padà sórí awọ. Ẹ ṣe ìyẹn fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ wo nǹkan. Ẹ tú u dànù jàre. Aṣọ òwú àtijọ́, bíi bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tó ti gbó, ni kí ẹ fi wé awọ. Ṣùgbọ́n kó má ṣe jẹ́ àdìrẹ tó ṣì ń yọ́ aró o.

Ẹ má ṣe awọ pọ̀, ẹ ká a, kí ojú rẹ̀ kọ sí ìta. Bí ojú bá wà nínú, yóò fún pọ̀, yóò sì hunjọ. Páálí gígùn tí àwọn oníṣòwò aṣọ ń ká aṣọ mọ́ dára fún un, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń jù ú nù. Kó má ṣe kan ilẹ̀, torí sìmẹ́ńtì ń fa omi láti inú ilẹ̀ bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Kó má ṣe kan ògiri náà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí gbogbo wa fẹ́ràn ni ibi tó burú jù, torí pé afẹ́fẹ́ kì í rìn níbẹ̀. Bí ilé bá ní síílì, orí wọ́dúróòbù sàn jù ú lọ. Nípa ti ìrẹsì inú ike tí wọ́n ní ó ń fa omi, ìrẹsì tó ti jókòó sínú yàrá kan náà ti mu omi afẹ́fẹ́ náà tẹ́lẹ̀, kò ní àyè púpọ̀ fún òmíràn. Ẹ sè é jẹ.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: bí awọ tí wọ́n fi tannin ṣe bá tutù díẹ̀, tí irin wá kàn án, yóò dúdú. Tannin àti irin ló pàdé, irú ìpàdé kan náà tí wọ́n fi ń ṣe yíńkì ní Yúróòpù láyé àtijọ́, èyí sì ni kì í jẹ́ kó fọ̀ kúrò. Torí náà kí ọ̀bẹ àti ìṣó ní ilé tiwọn, kí awọ ní ilé tiẹ̀. Ẹ lè fi etí ibi tí ẹ gé dá awọ mọ̀: ti tannin sábà máa ń pọ́n bí igi láti òkè dé ìsàlẹ̀, ti chromium sì sábà máa ń ní àwọ̀ eérú tàbí búlúù láàárín. Bí ẹ bá sì ń ta ẹja gbígbẹ nílé, ẹ gbé e jìnnà: kòkòrò Dermestes tó ń jẹ ẹja gbígbẹ ló ń jẹ awọ ẹran tí wọ́n kàn sá gbẹ, ọmọ rẹ̀ sì lè lu awọ tó ti pé láti wá ibi tí yóò sùn sí.

Awọ tó bu, owó ló ṣòfò. Gọ́ọ̀mù ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Ọ̀pọ̀ gọ́ọ̀mù aránbàtà, èyí tó ń rùn yẹn, ni wọ́n fi toluene, hexane tàbí irú omi bẹ́ẹ̀ pò. Gọ́ọ̀mù ń gbẹ nítorí pé omi yìí ń fò kúrò, inú yàrá ló sì ń fò sí. Oru toluene wúwo tó ìlọ́po mẹ́ta afẹ́fẹ́, torí náà kì í gòkè lọ sí ojú fèrèsé, ilẹ̀ ló ń tẹ́ ara rẹ̀ sí. Ta ló wà nílẹ̀? Ọmọ tó ń sùn lórí ẹní, àti sítóòfù. Láti ìwọ̀n 4°C, ìyẹn bí òtútù inú fíríìjì, ni toluene ti lè gbé oru tó tó láti gbiná jáde, yàrá tiwa sì ń sún mọ́ 30°C. Nínú yàrá yẹn kan náà la ti ń ṣáná sí etí òwú láti fi dì í, tí agolo gọ́ọ̀mù ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ẹ rò ó wò.

Ká tiẹ̀ ní iná kò ṣẹ́. Bí hexane bá wọ ara, ara fúnra rẹ̀ á sọ ọ́ di nǹkan mìíràn tó ń ba iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ àti ọwọ́ jẹ́: ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ kú tipiri, lẹ́yìn náà ọwọ́ ò ní lè di abẹ́rẹ́ mú. Ní 1974, dókítà Muzaffer Aksoy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Istanbul kọ ìwé nípa aránbàtà 26 tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tàbí àìsàn tó máa ń ṣáájú rẹ̀, benzene inú gọ́ọ̀mù ni wọ́n tọ́ka sí. Inú ṣọ́ọ̀bù kékeré tí afẹ́fẹ́ kò ti rìn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo gọ́ọ̀mù ló ní benzene, ṣùgbọ́n mélòó nínú agolo tí ẹ ti rà ló kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára?

Àwọn kan á ní, "Ó ti mọ́ mi lára, mi ò gbóòórùn rẹ̀ mọ́." Imú ló ti sú, oru ṣì wà ńbẹ̀. Ìbomú aláwọ̀ búlúù tí gbogbo wa lò nígbà kòrónà kò sì dá a dúró, eruku àti itọ́ ló wà fún. Èyí tó ní èédú pàtàkì nínú ló ń mú oru.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: yàrá kan náà la ní, onílé ò sì fẹ́ wàhálà. Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ gbé gbogbo iṣẹ́ síta. Gígé, lílu ihò àti rírán kò ní oru kankan, ẹ ṣe é lórí bẹ́ẹ̀dì bó bá wù yín. Gọ́ọ̀mù nìkan ni kó jáde, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ láti ẹ̀yìn yín lọ síwájú. Ẹ kó gbogbo ohun tó nílò gọ́ọ̀mù jọ di ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, dípò kí ẹ máa ṣí agolo lójoojúmọ́. Ẹ da ìwọ̀nba tí ẹ máa lò sínú agolo kékeré onídèérí, kí ẹ sì tètè dé ńlá. Ohun tí ẹ lẹ̀ kó gbẹ síta kó tó wọlé. Fún aṣọ inú báàgì tàbí pọ́ọ̀sì, gọ́ọ̀mù olómi lásán tó, bó tilẹ̀ ń pẹ́ kó tó gbẹ. Bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ sún un sí ọ̀la, kí ẹ sì sọ fún oníbàárà pé bàtà rẹ̀ di ọjọ́ Mọ́ńdè.