Ẹ jẹ́ ká rìn yí Odò Ògùn po

Òjò ọdún yìí á tù wá lára, a ò ní rí ìjà rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ìrìn ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ ká jọ rìn, kì í sì í ṣe ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn. Àwa tá à ń gbé Kétu, Máìlì 12, Ìkòsí àti Àgbóyì, odò ńlá kan ló ń gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ọ́n ju ohun tí ojú rí láti inú mọ́tò lọ.

Odò Ògùn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ohùn rẹ̀ dáadáa. Ògùn ni odò yìí, kì í ṣe Ògún alágbẹ̀dẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Owódé Onírin, níbi tí wọ́n ti ń ta irin, kò jìnnà sí i. Yemọja ló ni ín. Apá Ṣakí ló ti ń ṣàn bọ̀, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, níbi tí ojúbọ Yemọja wà ní Ìbarà, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kó sì wọnú ọ̀sà lọ. Omi kan náà ni àwa àti àwọn ará Abẹ́òkúta jọ ń kí.

Oṣù Kẹjọ ló dára jù fún ìrìn yìí. Òjò á ti dáwọ́ dúró díẹ̀, ti Oṣù Kẹsàn-án ò sì tíì dé. Ó tún bọ́ sí àsìkò Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ogúnjọ́ oṣù náà, tí ìjọba Èkó fún wa nísinmi nítorí rẹ̀ ní 2023. Àwọn ọmọ ò tíì wọlé ìwé, ẹ kó wọn dání. Ẹ gbé omi mímu àti obì lọ́wọ́, kẹ́ ẹ kúrò nílé kí oòrùn tó mú. Ẹ má sáré. Ẹni tó ń sáré ò lè rí odò.

Ibùdókọ̀ Kétu ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi títì Ìkòròdú sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa gba inú àdúgbò lọ sí èbúté tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí Àgbóyì. Ẹ ó rí i bí ilẹ̀ ṣe ń lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí òórùn ẹrẹ̀ àti ẹja á máa pàdé yín. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ kí omi kẹ́ ẹ tó fẹsẹ̀ kàn án. Ẹ gba láífù jákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ tirẹ̀. Pé a jẹ́ ọmọ Yemọja ò ní ká má lo ọgbọ́n.

Abúlé apẹja ni Àgbóyì, láàárín Èkó níbí. Ẹ ó rí àwọ̀n tí wọ́n sá, ẹ ó rí àwọn tó ń wa yanrìn, ẹ ó rí òjúoró tó tẹ́ sójú omi bí ẹní. Nígbà tí mo débẹ̀ kẹ́yìn, ìyá kan tó ń yan ẹja bi mí pé, "Ṣé ẹ wá bọ odò ni, àbí ẹ wá wò ó?"

Mo ní, "Méjèèjì ni, Ìyá."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn tó ń wá bọ ọ́ kì í dúró. Wọ́n á gbé e sílẹ̀, wọ́n á lọ. Tó bá di ọ̀la, àwọn ọkọ wa á máa fi àwọ̀n kó ọ̀rá wọn."

Ọ̀rọ̀ yìí ò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi délé.

Ẹ wọkọ̀ padà sí Kétu, kẹ́ ẹ wá fẹsẹ̀ rìn lọ sí Máìlì 12. Gbogbo yín lẹ mọ ọjà náà, níbi tí tírélà ti ń já tòmátò, ata àti àlùbọ́sà láti Òkè Ọya. Ẹ kọjá ariwo ọjà, ẹ máa lọ síbi tí títì Ìkòròdú ti gba orí odò, lápá Owódé Onírin. Ní ilẹ̀ ọlọ́ràá tó wà lápá ibẹ̀, ẹ ó rí àwọn tó gbin ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ. Ẹ wá ibi tí mọ́tò ò ti ní yọ yín lẹ́nu, kẹ́ ẹ pa ìtàn Yemọja àti Ọ̀kẹrẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Àwọn àgbà ní Yemọja fẹ́ Ọ̀kẹrẹ̀ ní Ṣakí, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi ọmú òun ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ kan Ọ̀kẹrẹ̀ mutí yó, ó sọ ohun tí kò yẹ kó sọ. Yemọja bínú jáde. Oògùn tí Olókun ìyá rẹ̀ fún un já bọ́, ó fọ́, omi inú rẹ̀ di odò. Ọ̀kẹrẹ̀ sọ ara rẹ̀ di òkè, ó dí i lọ́nà. Ó yà sọ́tùn-ún, òkè yà sọ́tùn-ún. Ó yà sósì, òkè yà sósì. Ló bá ké pe Ṣàngó ọmọ rẹ̀. Ààrá sán, òkè là sí méjì, Yemọja sì kọjá lọ bá ìyá rẹ̀ lókun.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ wa ni ìtàn yìí. Odò Ọyán ń wọnú Ògùn kó tó dé Abẹ́òkúta, dáàmù sì wà lórí Ọyán láti 1983. Tí òjò bá pọ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án àti Oṣù Kẹwàá, tí dáàmù kún, wọ́n máa ń tú omi rẹ̀ sílẹ̀. Àwa la wà nísàlẹ̀. Ní Oṣù Kẹwàá 2010, omi wọ Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú títì Ìkòròdú yìí, àwọn èèyàn sì fi ilé wọn sílẹ̀ fún un. Àwọn kan á ní Yemọja ló bínú. Èmi ò ní bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé tí wọ́n kọ́ sórí àbàtà, ẹ wo gọ́tà tí ìdọ̀tí dí pa, kẹ́ ẹ sọ fún mi ẹni tó ń ṣe Ọ̀kẹrẹ̀.

Ẹ gba inú Kòsọ́fẹ́ àti Ìkòsí padà wálé. Ní ọjà èso, ẹ ra ọsàn fún àwọn ọmọ, ẹsẹ̀ á ti máa ro wọ́n. Létí tèmi, Kòsọ́fẹ́ ń dún bíi "kò sí ọ̀fẹ́". Odò yìí ń fún wa lẹ́ja, ó ń fún wa ní yanrìn ìkọ́lé, ó ń bọ́ ẹ̀fọ́ tá à ń jẹ. Kí là ń san fún un?

Owó rẹ̀ ò wọ́n. Àkọ́kọ́ ni ẹbọ wa. Ewé àti igbá làwọn baba wa ń lò, ẹ jẹ́ ká padà síbẹ̀. Ọ̀rá, ike àti ìgò kì í ṣe oúnjẹ òrìṣà. Ohun tá a fi gbé e wá, ká gbé e padà sílé. Ní Oṣù Kìíní 2024, ìjọba Èkó fòfin de àwọn ike fóòmù tí wọ́n fi ń di oúnjẹ. Kò yẹ kí òfin ṣíwájú àwa tá a ní odò níyàá.

Èkejì, ká kó gọ́tà iwájú ilé wa kí Oṣù Kẹsàn-án tó wọlé. Ẹ̀kẹta, ẹni tó ń gbé ilẹ̀ odò, kó ti mọ ilé tí yóò kó ọmọ àti arúgbó lọ tí wọ́n bá kéde pé omi ń bọ̀. Ẹni tó bá ní yàrá tó ṣófo níbi tí omi kì í dé, kó tètè sọ fún olórí ilé rẹ̀. A kì í dúró dìgbà tí omi bá dé orókùn ká tó máa wá ẹbí.

Tẹ́ ẹ bá rìn ín tán, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ohun tí wọ́n rí ránṣẹ́ sí wa fún ìwé tó ń bọ̀. Omi á tù wá lára, kò ní gbé wa lọ. Àṣẹ.