Ewé Wẹ́wẹ́ Ara Ògiri

Òjò ti dé, ògiri ẹ̀yìnkùlé sì ti tún wọ aṣọ àrán aláwọ̀ ewé. Ọ̀pọ̀ ìyáálé ni yóò mú ọ̀bẹ láti fá a kúrò, a kò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí a máa mú kí ilẹ̀ yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dá díẹ̀ sí fún àwọn ọmọ. Mọ́ọ̀sì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ó ní ìbátan kan, tí ẹ̀yà rẹ̀ mìíràn máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ilẹ̀ tútù. Ewé ẹ̀dọ̀ ni wọ́n sọ èyí, nítorí ó jọ ẹ̀dọ̀ lójú àwọn ará ìgbàanì, wọ́n sì rò pé yóò wo ẹ̀dọ̀ sàn!

Àwọn méjèèjì kò ní òdòdó, wọn kò sì ní èso. Gbogbo ara ni wọ́n fi ń mu omi. Bí a bá fi omi díẹ̀ kan èyí tí ó ti gbẹ nínú àpò ìwé láti ọgọ́rùn-ún ọdún, yóò tún na ewé rẹ̀ bí ti àná, bí ó tilẹ̀ ti kú. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń tò wọ́n sí ilé àkójọ ewé gbígbẹ. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ igbó. E. W. Jones, tí ó ṣiṣẹ́ nínú igbó Òkòmù lẹ́bàá Benin ní 1947 àti 1948, fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ewé ẹ̀dọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Ìwé rẹ̀ lórí ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò jáde títí di 2004, lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ó yẹ kí a jẹ́wọ́ àṣìṣe tiwa. Ní àkókò òjò kan, àwa àti àwọn ọmọ ilé kó ewé wọ̀nyí ní etí kànga, lára ògiri àtijọ́, àti lára igi obì kan. Agbọ̀n kan ṣoṣo ni a kó gbogbo rẹ̀ sí. Nígbà tí olùkọ́ kan tí ó mọ̀ nípa ewé bi wá pé, “Èwo ni ti ara igi?” ẹnu wa wọhò. A padà lọ sí ìdí igi obì náà. Olóko ti gé e. Ohun tí ó hù lára rẹ̀ wà nínú agbọ̀n wa, ṣùgbọ́n a kò lè tọ́ka sí i. A dà á nù.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù ní àpò ìwé tirẹ̀. Ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ ti tó. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ wá èyí tí ó ní orí kékeré lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí láìsí i, ó ṣòro láti dá ọ̀pọ̀ mọ́ọ̀sì mọ̀. Ẹ má ṣe yá a níná, ẹ má sì fi sínú ọ̀rá, kí ó má bàa bu. Ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni kí ó ti gbẹ. Ní ti ewé ẹ̀dọ̀, kí ẹni tí ó ní mákíròskóòpù tètè wò ó ní tútù, nítorí ẹ̀kán òróró inú rẹ̀, tí a fi ń dá ọ̀pọ̀ wọn mọ̀, a máa pòórá bí ó bá gbẹ.

Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ̀wé, nítorí omi a máa pa tàdáwà rẹ́. Ẹ kọ orúkọ ìlú, ọjọ́, ohun tí ó hù lé lórí, orúkọ ẹni tí ó já a, àti nọ́ńbà tí a kì yóò tún lò mọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà kan náà sínú ìwé.

Ọmọ kan nílé wa ti kọ 1 sára àpò tirẹ̀: “Ògiri kànga, apá tí oòrùn kì í dé.” A kò tíì mọ orúkọ ewé náà.