Láti Winning Eleven dé eFootball: Báwo ni orúkọ FIFA ṣe bọ́ sọ́wọ́ Konami?

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, àjọ FIFA àti ilé iṣẹ́ Konami ti orílẹ̀-èdè Japan kéde pé àwọn ti fọwọ́sowọ́pọ̀. Géèmù eFootball tí Konami ṣe ni àwọn olùdíje yóò fi gbá ìdíje FIFAe World Cup, wọ́n sì gbá àṣekágbá rẹ̀ ní ìlú Riyadh ní Saudi Arabia nínú oṣù Kejìlá ọdún náà.

Ìròyìn tí ẹlòmíràn yóò kà kọjá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti di páàdì PlayStation mú ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn yóò dúró kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ilé iṣẹ́ tí kò láṣẹ láti pe Liverpool ní Liverpool nígbà náà lọ́hùn-ún ni FIFA wá gbé orúkọ rẹ̀ lé lọ́wọ́. Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀, kí sì ni ó túmọ̀ sí fún àwọn tó ń gbá a?

Ọdún 1995 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀

Bọ́ọ̀lù kọ́ ni Konami fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí Kagemasa Kozuki dá a sílẹ̀ ní Osaka ní 1969, ẹ̀rọ orin tí àwọn ènìyàn ń sọ owó ẹyọ sí ló ń tún ṣe, tó sì fi ń háyà.

Ní 1995, ọdún méjì lẹ́yìn tí líìgì J-League bẹ̀rẹ̀ ní Japan, ẹ̀ka Konami tó wà ní Tokyo gbé Winning Eleven jáde fún PlayStation. (Ẹ̀ka Osaka ní géèmù bọ́ọ̀lù tirẹ̀ lọ́tọ̀, International Superstar Soccer, baálé kan, ìkòkò ọbẹ̀ méjì.) Shingo Takatsuka, tí àwọn olólùfẹ́ géèmù náà ń pè ní Seabass, ló wá di ọ̀gá àwọn tó ń ṣe é. Winning Eleven ló ń jẹ́ ní Japan. Láti 2001, Pro Evolution Soccer, ìyẹn PES, ni wọ́n ń pè é ní Yúróòpù. Orúkọ méjèèjì ló dé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, nítorí ayédèrú síìdì ni ọ̀pọ̀ wa fi ń gbá a, ibi gbogbo ló sì ti ń wá. Ó pẹ́ kí èmi fúnra mi tó mọ̀ pé géèmù kan náà ni méjèèjì.

Man Red àti Roberto Larcos

Ìwé àṣẹ ló fi ìyà jẹ Konami. Ilé iṣẹ́ EA ti Amẹ́ríkà, tó gbé géèmù FIFA àkọ́kọ́ jáde ní ìparí ọdún 1993, ti ra orúkọ àjọ náà, ó sì ń ra orúkọ àwọn líìgì ńláńlá mọ́ ọn. Èyí tó ṣẹ́kù fún Konami kò pọ̀. Nítorí náà ni Manchester United ṣe di Man Red, tí Liverpool di Merseyside Red, tí Roberto Carlos sì di Roberto Larcos. Ìgbà kan tilẹ̀ wà tí gbogbo agbábọ́ọ̀lù Netherlands ń jẹ́ Oranges, tó jẹ́ nọ́ḿbà nìkan ló fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn.

Síbẹ̀, orí pápá ni Konami ti ń borí. Nínú PES, bọ́ọ̀lù kò lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Ó lè ta bọ́ lára ẹni tó gbà á, ẹni tó bá sì fi ẹsẹ̀ tí kò mọ́ ọn lára gbá a lè gbá a lọ sí ìta. Ìwà agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan hàn lára rẹ̀. Nínú PES 5 tó jáde ní 2005, ẹsẹ̀ òsì Adriano ti Inter Milan le débi pé àwọn ọ̀rẹ́ mìíràn a máa fòfin de ẹgbẹ́ náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ kan náà ni Ọbáfẹ́mi Martins wà, ọmọ Èkó, ọ̀kan lára àwọn tí Konami fún ní eré sísá tó ga jù lọ. Ọmọ tí kò fojú kan Martins rí mọ bó ṣe ń sáré, nítorí ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń mú un sáré.

Ní abala Master League, àwọn tí ayé kò gbọ́ orúkọ wọn rí ni wọ́n ń fún ènìyàn láti fi bẹ̀rẹ̀: Castolo, Minanda, Ximelez. Konami ló ṣẹ̀dá wọn. Títí dòní, àwọn kan wà tí Castolo wà lọ́kàn wọn ju ọ̀pọ̀ àtamátàsé gidi ti ìgbà náà lọ.

Ẹni tí orúkọ èké bá ń bí nínú lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un kọ, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú mẹ́mọ́rì káàdì. Síìdì kan àti páàdì méjì tó àdúgbò kan, bí iná bá ṣáà ti wà. Kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Orúkọ ń dé, adùn ń lọ

Ìgbà tí PlayStation 3 dé ní 2006 ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí. PES 2008 ń fà, ó ń dúró lórí ẹ̀rọ tuntun náà, bẹ́ẹ̀ ni EA ń tún tirẹ̀ ṣe lọ́dọọdún. Ní 2008 yìí kan náà ni Konami gba àṣẹ láti lo Champions League, tó sì dì í mú títí di 2018. Ìyẹn ni pé nígbà tí orúkọ ńlá wá dé, géèmù fúnra rẹ̀ ti ń sọ adùn nù.

Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ pani lẹ́rìn-ín ní 2019: Konami gba Juventus fún ara rẹ̀ nìkan, FIFA 20 sì ní láti máa pe ẹgbẹ́ Cristiano Ronaldo ní Piemonte Calcio. Ẹni tó ti fara da Man Red fún ọ̀pọ̀ ọdún jẹ̀gbádùn ọjọ́ náà.

Ní 2021, Konami pa orúkọ PES tì, ó ní eFootball ni yóò máa jẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ló jáde, pẹ̀lú ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù tó wọ́, àti bọ́ọ̀lù tí kò gbọ́ràn. Lórí ojúlé Steam, ó wà lára àwọn géèmù tí ènìyàn bu ẹnu àtẹ́ lù jù lọ láti ìgbà tí ojúlé náà ti wà. Konami tọrọ àforíjì. Oṣù Kẹrin 2022 ló tó gbé ẹ̀dà tó péye jáde.

Ta ló nílò ta?

Nígbà náà ni FIFA àti EA ń fa ọ̀rọ̀ owó. Ìwé ìròyìn New York Times jábọ̀ pé FIFA ń béèrè owó tó ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ láàárín ife àgbáyé kan sí òmíràn. Ní oṣù Karùn-ún 2022, wọ́n kéde pé àwọn yóò pínyà. EA mọ ohun tó ń ṣe: orúkọ FIFA ni FIFA ní, àwọn líìgì, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ló ni ìyókù. Nígbà tí EA Sports FC 24 jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2023, gbogbo wọn ṣì wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ FIFA nìkan ni wọ́n yọ.

FIFA ló wá kù pẹ̀lú orúkọ tí kò ní géèmù. Lójú tèmi, òun ló nílò Konami ju bí Konami ṣe nílò rẹ̀ lọ, nítorí pé Konami ti ní ohun tí owó kì í tètè rà: àwọn ènìyàn ti gba eFootball sórí fóònù ju ìgbà mílíọ̀nù 500 lọ.

Lórí fóònù yìí náà ni ìnáwó tuntun wà. Ọ̀fẹ́ ni géèmù náà ní ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí ẹni ta tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń fa àwọn agbábọ́ọ̀lù ńláńlá, ẹni tó bá sì ń kánjú yóò fi owó gidi fà wọ́n. Dátà ló ń jẹ. Ikọ̀ tí ọmọ kan ní Ìbàdàn tàbí Kùtọ̀nú bá kó jọ fún ọdún mẹ́ta, orí ẹ̀rọ Konami ló wà. Ọjọ́ tí Konami bá pa ẹ̀rọ náà, ó tán. PES 2021, èyí tó gbẹ̀yìn lára àwọn tí ènìyàn lè rà kó di tirẹ̀, kò sí lórí àtẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́.

Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ kan kò fi kúrò nídìí PES àtijọ́. Áàpù PPSSPP ni wọ́n fi ń gbá ẹ̀dà PSP lórí fóònù Android. Àwọn olólùfẹ́ ń tún un ṣe lọ́dọọdún: wọ́n á yọ ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n á fi Victor Osimhen síbẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ aṣọ ẹgbẹ́. Kò sí àṣẹ FIFA kankan nínú rẹ̀, bí dátà bá sì tán, eré ń lọ.