Ẹ̀ṣẹ̀ Kan, Ìdájọ́ Méjì: Ta Ni Yóò Dáàbò Bo Orí Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Ọsirélíà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó yẹ ni ó yẹ, okùn ọrùn kò yẹ adìyẹ. Bí ohun kan bá sì wà tí kò yẹ ilé ẹjọ́ rárá, ìbáà jẹ́ ilé ẹjọ́ ìjọba, ìbáà jẹ́ ti eré ìdárayá, òun náà ni pé kí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà máa gba ìdájọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tó ti ń bí àwọn ará ilẹ̀ Ọsirélíà nínú fún ọdún pípẹ́ nípa bọ́ọ̀lù tiwọn-n-tiwọn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà sì ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àwọn olólùfẹ́ eré tí ń jiyàn lásán, nítorí ó ti kan ọpọlọ ọmọ ènìyàn.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa yékéyéké, bọ́ọ̀lù tí à ń wí yìí kì í ṣe irú èyí tí Kanu àti Okocha fi gbayì. Ìlú Melbourne ni wọ́n ti kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1859. Bọ́ọ̀lù náà rí bí ẹyin, pápá rẹ̀ náà sì rí bí ẹyin. Ènìyàn 18 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó wọ pápá, òpó mẹ́rin ló sì wà ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó méjì tó ga jù gba àmì 6, ẹni tí tirẹ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ gba àmì 1. Wọ́n lè fi ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù, wọ́n lè dì mọ́ ẹni tó gbé e kí wọ́n sì gbé e ṣubú, wọ́n sì lè fi èjìká gbá ara wọn. Síbẹ̀, wọn kì í wọ ìhámọ́ra bí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń ṣe. Ẹgbẹ́ 18 ló ń díje lábẹ́ àjọ tí à ń pè ní AFL.

Ní irú eré báyìí, ènìyàn gbọ́dọ̀ farapa. Ìdí nìyí tí àjọ náà fi gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní ọdún 2005 tí yóò máa yẹ gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wò, kí ìdájọ́ lè máa ṣe déédéé. Ní ọdún 2018, wọ́n tú ìgbìmọ̀ náà ká, wọ́n sì fi iṣẹ́ náà lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó ń dáhùn: ṣé agbábọ́ọ̀lù náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, tàbí àìbìkítà ló fà á? Báwo ni ìkọlù náà ti wúwo tó? Ṣé orí ló bà ni, tàbí ara? Bí a bá pa ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ẹlẹ́ṣẹ̀ kò ní gbá yóò jáde. Ẹni tí kò bá gbà lè lọ sí iwájú ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́, lẹ́yìn ìyẹn ó tún lè lọ sí ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn.

Lórí ìwé, ètò náà gún régé. Ìbéèrè kejì ni ìṣòro wà. Ohun tí wọ́n sábà máa ń fi wọn bí ìkọlù ti wúwo tó ni bí ẹni tí wọ́n kọlù ti farapa tó. Bí ènìyàn méjì bá ṣe ohun kan náà lọ́jọ́ kan náà, tí ẹni tí èkíní kọlù dìde tó gbọn ara nù, tí ẹni tí èkejì kọlù dákú, èkíní lè san owó ìtanràn péré, kí èkejì má gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣé ìwà ni a ń dá lẹ́jọ́ ni, àbí oríire?

Ẹ jẹ́ kí a wo ti Brayden Maynard. Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2023, ẹgbẹ́ rẹ̀, Collingwood, wàákò pẹ̀lú Melbourne. Ó fò sókè láti fi ara dí bọ́ọ̀lù tí Angus Brayshaw fẹ́ gbá, èjìká rẹ̀ sì ba Brayshaw lórí bó ti ń bọ̀ wálẹ̀. Brayshaw dákú lójú pápá. Ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ àyẹ̀wò lé lọ́wọ́ ní kò sí ẹ̀sùn nínú rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní àjọ AFL kọ̀, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí iwájú ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ náà dá Maynard sílẹ̀. Ní ìparí oṣù náà, Collingwood fi àmì 4 péré lu Brisbane ní àṣekágbá, Maynard sì wà níbẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Brayshaw fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ títí láé lórí ìmọ̀ràn àwọn dókítà. Ọmọ ọdún 28 ni.

Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, Peter Wright ti ẹgbẹ́ Essendon fò sókè láti hán bọ́ọ̀lù, ó sì forí sọ Harry Cunningham ti Sydney, ẹni tí òun náà ń bọ̀ wá gba bọ́ọ̀lù kan náà. Cunningham dákú. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n ní Wright kò gbọ́dọ̀ gbá. A kò sọ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì rí bákan náà délẹ̀délẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni méjèèjì fò, ẹni méjèèjì ní bọ́ọ̀lù làwọn ń lé, orí ni méjèèjì bà. Ọ̀kan gba ife ẹ̀yẹ, èkejì gba ìyà.

Kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2005, ọdún tí wọ́n gbé ètò tuntun náà kalẹ̀, Barry Hall ti Sydney kan Matt Maguire ní ẹ̀ṣẹ́ nígbà tí àṣekágbá ku ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbìmọ̀ ní ó jẹ̀bi, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìbáwí ẹnu ti tó. Hall gbá àṣekágbá, Sydney sì gba ife tí wọn kò tíì gbà láti ọdún 1933. Ní ọdún 2017, Trent Cotchin, balógun ẹgbẹ́ Richmond, fi èjìká gbá Dylan Shiel lórí, kò sì ṣeé ṣe fún Shiel láti parí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà. Cotchin ti san owó ìtanràn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún náà, ẹ̀ẹ̀kẹta ìbá sì lé e kúrò ní àṣekágbá. Wọ́n ní kò ní ẹ̀sùn láti dáhùn. Richmond gba ife àkọ́kọ́ wọn láti ọdún 1980.

Àwọn ènìyàn wá ń bi ara wọn léèrè: ṣé nítorí ìdájọ́ òdodo ni, àbí nítorí àṣekágbá? Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ní ọdún 2018, Andrew Gaff ti West Coast kan Andrew Brayshaw, àbúrò Angus yìí kan náà, ní ẹ̀ṣẹ́ tó fọ́ ọ ní párì. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 8 ni wọ́n fi jẹ ẹ́ níyà, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba ife láìsí òun. Nígbà tí ẹ̀ṣẹ̀ bá hàn gbangba gbàǹgbà bẹ́ẹ̀, ìgbìmọ̀ kì í sábà ṣojo. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́jú pọ̀ ni ìdájọ́ ti ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́.

Ẹ tún wo àmì-ẹ̀yẹ Brownlow, èyí tí wọ́n ń fún agbábọ́ọ̀lù tó mọ eré ṣe jù tí kò sì hu ìwà ipá. Ní ọdún 1997, Chris Grant ni ó ní ìbò tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n fi jẹ ẹ́ níyà gba àmì-ẹ̀yẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2022, wọ́n ní kí Patrick Cripps ti Carlton má gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì nítorí pé ó kọlu Callum Ah Chee. Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ lọ sí ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn, àwọn yẹn sì ní ọ̀nà tí ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ gbà dájọ́ kò bá òfin mu. Ìyà náà di òfo, Cripps sì fi ìbò 29 gba Brownlow lọ́dún náà. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 2024, ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn yìí kan náà tún fagi lé ìyà Toby Bedford àti ti Charlie Cameron, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta.

Bí ó bá jẹ́ ife nìkan ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, à bá ní kí wọ́n máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ti yẹ ọpọlọ Graham Farmer, Danny Frawley àti Shane Tuck wò lẹ́yìn ikú wọn, wọ́n sì rí àrùn ọpọlọ tí ìkọlù léraléra sí orí máa ń fà. Láti ọdún 2023 ni ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ ti gbé àjọ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹ ò rí i pé àjọ AFL ní ìdí tó fi yẹ kó máa wo bí ẹni tí wọ́n kọlù ti farapa tó. Wọ́n ní ẹni tó bá yàn láti kọlu ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gbé ẹrù ohun tó bá tìdí rẹ̀ yọ. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ìyà tí kò ní òdiwọ̀n kì í kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́gbọ́n. Agbábọ́ọ̀lù kò lè yẹra fún ohun tí kò mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, àfi lẹ́yìn tí dókítà bá ti sáré wọ pápá.

Ní tiwa, ohun mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n ṣe. Èkíní, kí wọ́n dá ìpinnu tí agbábọ́ọ̀lù ṣe lẹ́jọ́ kí wọ́n tó wo ọgbẹ́. Ẹni tó fi ara wéwu orí ẹlòmíràn, kí ó jìyà, yálà ẹni náà dìde ni o, tàbí kò dìde. Èkejì, kí òfin ṣíwájú àjálù. Lẹ́yìn tí wọ́n ti dá Maynard sílẹ̀ tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tún òfin fífò dí bọ́ọ̀lù kọ fún ọdún 2024, nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́ fún Brayshaw. Ẹ̀kẹta ló ṣòro jù: àjọ AFL ló ń ṣòfin, òun ló ń pe ẹjọ́, òun náà ló sì ń yan àwọn adájọ́. Bí wọ́n tilẹ̀ dájọ́ bí áńgẹ́lì, ta ni yóò gbà wọ́n gbọ́? Kí wọ́n yọ yíyan adájọ́ kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ife ẹ̀yẹ yóò dóko nínú àpótí dígí, ìdájọ́ ọ̀sẹ̀ yìí yóò di ohun ìgbàgbé, ṣùgbọ́n ọpọlọ tó bá ti fọ́ kò ní ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn kankan tó lè tọ̀ lọ.