Ẹ Má Fi Ẹjọ́ Apá Kan Dá Ara Yín Lẹ́bi

Ẹ̀yin ọmọ mi lọ́kùnrin lóbìnrin,

 

Mo kọ lẹ́tà yìí sí ẹni tó ti jókòó ṣe ìdánwò JAMB léraléra tí kò rí ilé ìwé wọ̀, sí ẹni tó sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán tí kò ríṣẹ́, àti sí ẹni tí òwò rẹ̀ dojú dé. Ìwọ tó sì ti ara rẹ mọ́ yàrá, tí ò ń sọ lọ́kàn pé, “Èmi ò wúlò. Ẹgbẹ́ mi ti kọ́lé, ẹgbẹ́ mi ti rìnrìn àjò lọ sókè òkun, èmi nìkan ló kù,” ìwọ gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí ẹnì kan bá dá ọ̀rẹ́ rẹ lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀, inú á bí ọ. Ohun tí ò ń ṣe sí ara rẹ lóru nìyẹn, nígbà tí oorun bá dá lójú rẹ. Ẹni tó ń fẹ̀sùn kàn ọ́ ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń gbèjà rẹ, o sì ti dájọ́. Jẹ́ kí a gbọ́ apá kejì. Lọ́dọọdún, àwọn tó ń ṣe ìdánwò JAMB lé ní mílíọ̀nù kan, àyè tó wà ní yunifásítì kò sì kárí wọn. Ṣé ìwọ lo jẹ́ kí àyè kéré? Ta ló dúró ti ìyá rẹ nígbà tí ara rẹ̀ kò yá? Ta ló kọ́ àbúrò rẹ títí ó fi mọ̀wé? Ẹ̀rí nìwọ̀nyí náà.

Ohun mìíràn tún wà. Bí ìbànújẹ́ bá bá ènìyàn gbé lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn kò dùn mọ́ ọn mọ́, tí oorun àti oúnjẹ rẹ̀ yí padà, tí ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi lórí gbogbo nǹkan, àìsàn ìsoríkọ́ lè ti wọlé. Ìdálẹ́bi ara ẹni wà lára àmì àìsàn náà. Nítorí náà, àìsàn lè jẹ́ ẹni tó ń bú ọ. Má gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́.

Mo mọ̀ pé ojú ń tì ọ́ láti wá ìtọ́jú. Orúkọ Aro, ọsibítù ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta, ti di èébú lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ayé kan sárá sí ní 1954. Dípò kí ó ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí tó ń tọ́jú wọn. Wọ́n ń gba ìtọ́jú ní ọsibítù, wọ́n sì ń padà sáàárín ènìyàn láti ṣiṣẹ́, láti ṣeré. Lambo ṣe igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ wa pé àárín ènìyàn ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì ti ń padà bọ̀ sípò.

Nítorí náà, sọ fún ẹnì kan lónìí, ẹni tó lè bo àṣírí. Lọ rí dókítà. Gbàdúrà, kí o sì lọ sí ọsibítù. Ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́. Bí wọ́n bá fún ọ lóògùn, mọ̀ pé ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́; má dá a dúró láìbéèrè. Wẹ̀, jẹun, rìn díẹ̀ láàárọ̀. Bí èrò ikú bá wá sọ́kàn rẹ, má dá wà rárá: pe ènìyàn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sìn ọ́ dé ọsibítù lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ẹ má sọ fún un pé kò gbàdúrà tó. Ẹ jókòó tì í.

Ìwọ ọmọ mi, nígbà tí agbára rẹ bá padà, rántí pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tó wo ẹ̀yìn ń wá ohun tó gbé e ṣubú kó lè tún un ṣe. Ẹni tó ń bú ara rẹ̀ kò wá nǹkan kan. Ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ mìíràn tàbí iṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀nà rẹ yóò gbà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Olódùmarè yóò gbé yín dìde, orí yín kò ní gbàbọ̀dè. Ẹ má dákẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Èmi ni,
Bàbá yín.