Owó Inṣọ́ránsì Lẹ́yìn Àṣìṣe Ọ̀dọ́ Awakọ̀

Ní ẹnu ọ̀nà Grand Marché, ọjà ńlá ìlú Niamey, ọkọ̀ àti alùpùpù a máa há mọ́ ara wọn. Bí ọ̀dọ́ tí bàbá rẹ̀ fi ọkọ̀ rán níṣẹ́ bá ha ọkọ̀ ẹlòmíràn lára níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò tó ìjà. Ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì bá tìtorí rẹ̀ bu owó kún ti ọdún tí ń bọ̀, gbogbo ilé ni yóò san án, títí kan owó ìlò ọjà ìyá àti owó ilé-ìwé àwọn àbúrò.

Òfin CIMA, tí Niger àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn jọ ń lò láti inú àdéhùn Yaoundé ti 1992, sọ inṣọ́ránsì ọkọ̀ di dandan. Láti 2011, ààbò kò sì bẹ̀rẹ̀ àfi bí owó bá ti wọlé. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ọkọ̀ gbá ni òfin náà ń gbèjà. Síbẹ̀, bàbá tí apá rẹ̀ kò ká àfikún náà lè máa wakọ̀ láìní ìwé. Ta ni yóò wá tọ́jú ẹni tí ó bá gbá lọ́la? Kí àwọn ilé-iṣẹ́ náà pín irú àfikún bẹ́ẹ̀ sí oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n sì mú un kúrò bí ọ̀dọ́ náà bá wakọ̀ fún ọdún kan láìkọlu ẹnikẹ́ni.