Ẹni tó bá fẹ́ fi irin bo rédíétọ̀ alùpùpù, kó rántí atẹ́gùn

Òkúta kékeré kan tí táyà iwájú ta lójú ọ̀nà lè dá alùpùpù tó ń pawó wọlé dúró fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi alùpùpù gbé ẹrù fún oníbàárà, àwọn táráàlú ń pè ní dispatch, ló mọ èyí, ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń sáré lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà pé kó bá àwọn fi irin bo rédíétọ̀. Èrò náà dáa. Irú irin tí wọ́n ń fi bò ó, àti bí wọ́n ṣe ń dè é, nibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́.

Ìnáwó yìí ò tiẹ̀ kan gbogbo èèyàn. Bajaj Boxer tó kún ìgboro ò ní rédíétọ̀ kankan, atẹ́gùn lásán ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Ẹni tó bá lọ fi páànù tàbí ọ̀rá bò ó níwájú nítorí ẹrọ̀fọ̀, ó ti dí i nímú nìyẹn. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà láwọn títì ńlá lọ́dún 2012, wọ́n yọ alùpùpù tó ń jíṣẹ́ sílẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ju 200cc lọ. Nọ́ńbà yìí ló ń ṣi àwọn kan lọ́nà, wọ́n rò pé gbogbo alùpùpù tó bá ti tó 200 ló ní rédíétọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pulsar NS200 ní in, ọ̀pọ̀ mìíràn ò ní in. Kí oníṣòwò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn táyà iwájú kó tó náwó.

Inú àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tó wà nínú rédíétọ̀ ni omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára máa ń gbà. Àwọn ewé alumíníọ́mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà láàárín wọn ló ń gba ooru lára omi náà, atẹ́gùn á sì gbé e lọ. Èékánná lásán lè tẹ àwọn ewé yìí wọ́. Bí òkúta bá lu ọ̀pá kan, omi á jò, ẹ́ńjìnnì á hó, bí ọmọ tó ń gùn ún ò bá sì tètè pa á, gásíkẹ́ẹ̀tì á jó, orí ẹ́ńjìnnì lè tẹ̀, písítìn lè gan. Owó ìyẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ owó irin ààbò rárá, yàtọ̀ sí oníbàárà tó ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíì.

Ṣùgbọ́n páànù pẹrẹsẹ tí wẹ́dà kàn lu ihò mẹ́ta mẹ́rin sí ńkọ́? Òkúta ò ní wọlé lóòótọ́, atẹ́gùn náà ò sì ní wọlé. Ó lè má hàn tí alùpùpù bá ń sáré lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òṣòdì tàbí Ìwó Road ni àṣírí ti máa ń tú, níbi tó jẹ́ pé fáànù nìkan ló ń fẹ́ atẹ́gùn. Bí fáànù bá ń ṣiṣẹ́ láìsinmi lẹ́yìn tí wọ́n de irin náà, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tú u. Nẹ́ẹ̀tì onírin ló yẹ, kí ojú rẹ̀ má fẹ̀ tó òkúta, kó má sì dí bíi ti asẹ́ ògì.

Dídè é náà gba sùúrù. Bóòtù tó de rédíétọ̀ mọ́ férémù tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n lò, pẹ̀lú wáṣà onírọ́bà. Kí àlàfo wà láàárín nẹ́ẹ̀tì àti ewé rédíétọ̀, torí irin tó bá ń gbọ̀n, tó ń ra á lára lójoojúmọ́, yóò lu ú nígbẹ̀yìn láìsí òkúta kankan níbẹ̀. Wẹ́dà tó bá ní òun fẹ́ lu ihò sára rédíétọ̀, kí wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n yí ọwọ́ alùpùpù sọ́tùn-ún sósì dé òpin, kí wọ́n tẹ iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí wọ́n wò ó bóyá táyà tàbí mọ́dígáàdì ń kan irin.

Èyí tó ń bí èèyàn nínú jù ni ti ọ̀gá tó náwó sórí irin, tí kò wá rí ti ìtọ́jú rò. Ẹrẹ̀ òjò àti eruku ọyẹ́ máa ń dí nẹ́ẹ̀tì pa. Kí ọmọ tó ń gùn ún máa fi omi ṣàn án nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, kì í ṣe ẹ̀rọ ìfọkọ̀ tó ń fi agbára tú omi, ìyẹn lè tẹ àwọn ewé náà wọ́. Ọ̀gá tí kò ra coolant, tó ń bu omi kànga sínú rédíétọ̀, kí ló fẹ́ fi irin iwájú ṣe? Inú lohun tó máa jẹ tirẹ̀ wà.

Ẹni tí owó ò bá tíì tó lọ́wọ́ rẹ̀, rọ́bà tí wọ́n gé lára túúbù àtijọ́, tí wọ́n so mọ́ ìdí mọ́dígáàdì iwájú kó gùn sísàlẹ̀, ń dá ọ̀pọ̀ òkúta àti ẹrọ̀fọ̀ padà kí wọ́n tó ta dé òkè. Àwọn ọlọ́kadà ti ń ṣe é tipẹ́. Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kó tó wá ra nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dìídì ṣe fún irú alùpùpù tirẹ̀.